Ṣé O Mọ̀? Káfíńtà, Igi àti Ìwé Àṣẹ ní Libreville

Ọ̀pọ̀ káfíńtà ló gbà pé bí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́, ó parí. Ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ní ìwé tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ní ìwé tirẹ̀, igi pàápàá ní ìwé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ẹni náà ni yóò sì máa gba owó ńlá. Tẹ́tí sí díẹ̀ nínú ohun tó yẹ kí o mọ̀.

Ìlú igi, ìlú òjò

Ṣé o mọ̀ pé igbó bo ohun tó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ Gàbọ̀n? Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún 2013, onílé àti àlejò ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 lọ. Igi ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn.

Ṣé o mọ̀ pé igi kan wà nínú àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè náà? Okoumé ni. Òun ló sọ Gàbọ̀n di olókìkí lọ́jà àgbáyé kí epo rọ̀bì tó dé.

Ṣé o mọ̀ pé Léon Mba, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Gàbọ̀n, ti ṣòwò gẹdú rí kó tó wọ òṣèlú? Orúkọ rẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú Libreville ń jẹ́ títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé okoumé fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó? Bó bá gbẹ, kò tó ìdajì ìwọ̀n omi tó gba àyè kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn agégi àtijọ́ fi ń so ìtì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí odò Ogooué á sì gbé e wá sí etíkun fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára gan-an fún pulaiwúùdù. Ṣùgbọ́n má ṣe rì í mọ́lẹ̀ bí òpó, nítorí ikán àti ọ̀rinrin kì í fi í sílẹ̀. Káfíńtà tó bá lò ó níbi tí kò yẹ, ìwé àṣẹ kò lè gbà á lọ́wọ́ oníbàárà.

Ṣé o mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Michel tó wà ní Nkembo, ní Libreville, ní òpó onígi 31 tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára yíká? Zéphirin Lendogno ló gbẹ́ wọn. Ìtàn inú Bíbélì àti ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ló fi dá sí wọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ igi ga dé nílùú náà, kó kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà òjò Libreville kò bá ti Èkó mu? Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń ya bo Èkó jù. Oṣù Kẹfà yìí kan náà ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Libreville, á sì dúró di oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà ni òjò á dé, òjò tó ju mìlímítà 2,500 lọ lọ́dún. Àwọn oṣù ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni kí o fi kan òrùlé. Bí o bá ṣe àdéhùn òrùlé fún oṣù Kọkànlá, bu ọjọ́ òjò mọ́ iye ọjọ́ tí o dá.

Ìwé ara ẹni

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìrìnnà ECOWAS tó gbé ọ gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, tó gbé ọ dé Lomé láìsí físà, kò ní agbára kankan ní Libreville? Gàbọ̀n kò sí nínú ECOWAS. CEMAC ni tirẹ̀, pẹ̀lú Cameroon, Chad, Congo-Brazzaville, Equatorial Guinea àti Central African Republic. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Benin àti ọmọ Togo, àlejò pátápátá ni wọ́n níbẹ̀. Físà ló kọ́kọ́ ń wá, carte de séjour, ìyẹn ìwé ìgbélùú, á sì tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé kó gba àlejò.

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́fà méjì ló wà? Èyí tí wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé yàtọ̀ sí ti Libreville, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 655.957 ló wà nínú yúrò kan fún àwọn méjèèjì. Má ṣe kó sẹ́fà Kútọnu lọ bá oníplánkì ní Libreville. Pààrọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1978, Gàbọ̀n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde? Aáwọ̀ àárín ààrẹ Gàbọ̀n, Omar Bongo, àti ààrẹ Benin, Mathieu Kérékou, ló fà á. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1977, àwọn ológun tí wọ́n fi owó rà já wọ Kútọnu láti gba ìjọba. Kérékou sọ pé ọwọ́ Gàbọ̀n wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ìjà. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa òṣèlú bá wọn jìyà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àlejò tún gbóná lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025? Ìgbìmọ̀ ìjọba ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde pé àwọn òwò kéékèèké kan di ti ọmọ onílùú nìkan. Ọjà títà ní àdúgbò wà níbẹ̀, títún fóònù ṣe wà níbẹ̀, irun ṣíṣe lójú pópó náà wà níbẹ̀. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè yí padà nígbàkígbà. Nítorí náà, kí àlejò tó san owó ṣọ́ọ̀bù, kó lọ ka èyí tó wà lójú òfin lọ́jọ́ yẹn, kó má gbọ́ ọ láti ẹnu ará àdúgbò.

Ìwé tó ń sọ iṣẹ́ di tìẹ

Ṣé o mọ̀ pé àkópọ̀ ìwé ni agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́? Ìforúkọsílẹ̀ òwò, tí wọ́n ń pè ní RCCM, wà níbẹ̀. Nọ́ńbà owó-orí, ìyẹn NIF, wà níbẹ̀. Bí o bá ti gba òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ wà ní CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ tí ayùn oníná ti ń yí, ìyẹn kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ibùdó kan wà tí ó ń gba àwọn ìwé ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ pa pọ̀? ANPI-Gabon ni, ìjọba dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014. Ṣáájú rẹ̀, ọ́fíìsì kan sí òmíràn ni èèyàn ń sáré kiri.

Ṣé o mọ̀ pé òfin òwò kan náà ló ń darí káfíńtà Kétu àti ti Àjàṣẹ́ ní Benin, pẹ̀lú káfíńtà Libreville? OHADA ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Port-Louis, ní Mauritius, ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1993. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ lónìí, Benin, Togo àti Gàbọ̀n wà lára wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ti ń kọ́ òfin náà, ERSUMA, Àjàṣẹ́ gan-an ló wà. Ọmọ Yorùbá tó ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ rí ní Benin ti mọ ìdajì ohun tí wọn yóò bi í ní Libreville.

Ṣé o mọ̀ pé òfin yìí ti ronú nípa oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò tíì ní agbára ilé-iṣẹ́ ńlá? Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Lomé, ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, wọ́n dá ipò tuntun kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní entreprenant. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Káfíńtà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, aránṣọ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ bíi ti oníṣòwò ńlá. Yóò kàn lọ kéde iṣẹ́ rẹ̀, òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ náwó lórí ìkéde náà. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye owó tó lè wọlé fún un lọ́dún. Bó bá kọjá iye yẹn ní ọdún méjì léraléra, ipò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ti di ẹni ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé entreprenant gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ìkéde rẹ̀ sára ìwé owó tó bá fún oníbàárà, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé òfin yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú ìforúkọsílẹ̀? Oníbàárà tó bá rí i mọ̀ pé ẹni tí ìjọba mọ̀ ni òun ń bá ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé o lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan, láìní alábàáṣe? OHADA gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti ní irú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SARL. Òfin náà dárúkọ mílíọ̀nù kan sẹ́fà gẹ́gẹ́ bí owó ìdásílẹ̀ tó kéré jù, ó sì yọ̀ǹda fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti dín in kù. Èrè SARL ni pé bí gbèsè bá dé, gbèsè ilé-iṣẹ́ ni. Ilé tí ò ń gbé kì í bá a lọ, àfi bí o bá fọwọ́ ara rẹ fi í dógò ní báńkì.

Ṣé o mọ̀ pé oṣù kan péré ni OHADA fún oníṣòwò láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ òwò? Ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà á tà” ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà.

Ṣé o mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ìjọba, bíi bẹ́ǹṣì ilé-ìwé tàbí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, ẹwà iṣẹ́ rẹ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò? Ẹ̀rí pé o ti san owó-orí àti owó CNSS ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó ṣí ìwé iye owó tí o kọ. Ọ̀gá káfíńtà tí kò ní wọn ń di òṣìṣẹ́ abẹ́ fún ẹni tó ní wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fa ayùn.

Ìwé tó wà lára igi

Ṣé o mọ̀ pé òfin igbó Gàbọ̀n, tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2001, pín àṣẹ gígé igi sí ọ̀nà mẹ́ta? Èyí tó tóbi jù, CFAD, wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ilẹ̀ rẹ̀ sì lè dé hẹ́kítà 200,000. Èyí tó kéré jù, permis de gré à gré, kò ju igi 50 lọ. Ọmọ onílùú nìkan ló lè gbà á, inú orílẹ̀-èdè sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti la igi náà. Àlejò kò lè gba irú àṣẹ yìí, rírà ni yóò ra plánkì.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 2010, Gàbọ̀n kò gbà kí ìtì igi jáde lọ sókè òkun mọ́? Ẹni tó bá fẹ́ igi Gàbọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n là á níbẹ̀ kọ́kọ́. Ìdí ni pé ẹni tó ta ìtì ta iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nàìjíríà náà fi igi, ìtì rẹ̀ àti plánkì rẹ̀, sínú àkójọ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé òfin 2010 yẹn ló bí Nkok? Kìlómítà 27 sí Libreville ni agbègbè ilé-iṣẹ́ náà wà, lórí hẹ́kítà 1,126. Ìjọba Gàbọ̀n àti ilé-iṣẹ́ Olam ló jọ dá a sílẹ̀. Pulaiwúùdù àti fíníà ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń tọpa ìtì tó bá wọlé dé igbó tó ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba náà wà ní Nkok, fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Ṣé o mọ̀ pé igi kan ti lé igbákejì ààrẹ kúrò nípò rí? Kevazingo ni, tí ọjà ayé tún ń pè ní bubinga. Igi líle ni, ó pupa, àwọn ìdílé kan ní Gàbọ̀n sì kà á sí igi mímọ́. Ìjọba fòfin de gígé rẹ̀ lọ́dún 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí àwọn kọ̀ǹténà kevazingo ní èbúté Owendo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Libreville, àwọn kọ̀ǹténà tó lé ní 350 sì di àwátì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ààrẹ Ali Bongo yọ igbákejì rẹ̀, Pierre-Claver Maganga Moussavou, àti mínísítà igbó. Lee White, onímọ̀ nípa igbó tí wọ́n bí ní Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ipò mínísítà lẹ́yìn náà. Bí ọ̀rọ̀ igi bá lè mi ààfin báyìí, kí káfíńtà má ṣe rò pé plánkì tí kò níwèé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun kò já mọ́ nǹkan.

Ṣé o mọ̀ pé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n, tún wà lórí kevazingo láti oṣù Kìíní ọdún 2017? Ohun tí a fi í ṣe, bó bá wọ̀n ju kílò 10 lọ, kò lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé. Tábìlì kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fi padouk, àpá àti mahogany ilẹ̀ Áfíríkà kún un, títí kan plánkì wọn. Oníbàárà tó fẹ́ gbé plánkì padouk lọ sí Paris, sọ fún un kó tó sanwó.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ẹrù tí oníplánkì fún ọ lè gbà ọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó? Ìwé náà gbọ́dọ̀ fi irú igi, iye rẹ̀ àti ẹni tó tà á hàn. Plánkì tó bá pọ́ọ́kú jù, béèrè ibi tó ti wá.

Ọmọ-iṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé fíríìdọ́ọ̀mù, pẹ̀lú gbogbo ẹran àti aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwé lójú ìjọba? Benin ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti ọdún 2005, ọmọ-iṣẹ́ ibẹ̀ lè ṣe ìdánwò ìjọba kó sì gba ìwé ẹ̀rí CQP tàbí CQM. Togo náà ní ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, Trade Test ni, ẹni tó bá sì ṣe é dé ìpele kìíní ti dé òkè. Ìwé wọ̀nyí wúlò lókè òkun ju fọ́tò fíríìdọ́ọ̀mù lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní Gàbọ̀n? Lọ́dún 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno gbéra ní Kútọnu, àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Libreville kò gbà á, Douala kò gbà á, ó padà sí Kútọnu. Gbogbo ayé gbọ́, wọ́n sì béèrè pé kí ni àwọn ọmọ náà ń lọ ṣe. Lọ́dún 2004, Gàbọ̀n ṣe òfin tó gbógun ti fífi ọmọdé ṣòwò. Nítorí náà, ọ̀gá tó fẹ́ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, kó rántí pé ohun tí a ń pè ní bíbáni wo ọmọ nílé lè di ẹjọ́ ní ẹnubodè.

Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ńkọ́?

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1804 ni òfin Faransé ti sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ kíkọ́ ilé ṣe yóò jíhìn fún un fún ọdún mẹ́wàá, bí ilé náà bá wó nítorí àìdára iṣẹ́? Faransé gbé òfin náà dé àwọn ilẹ̀ tó jọba lé lórí, Gàbọ̀n wà lára wọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: irú plánkì tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ẹni tó rà á, ọjọ́ tí ẹ parí iṣẹ́ àti ọjọ́ tí oníbàárà gbà á, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé Libreville ni olú ilé-iṣẹ́ CIMA wà? CIMA ló ń ṣòfin ìbánigbófò fún orílẹ̀-èdè 14, Benin àti Togo wà nínú wọn. Ìwé ìbánigbófò tí o bá gbà, wò ó bóyá ìpalára tí iṣẹ́ rẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù rẹ nìkan.

Ní ilẹ̀ ibòmíràn

Ṣé o mọ̀ pé ní California, ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ agbaṣẹ́ṣe káfíńtà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti fi ọdún mẹ́rin ṣe iṣẹ́ náà láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá? Yóò ṣe ìdánwò, yóò sì ní ìwé onídùúró (bond) tó jẹ́ 25,000 dọ́là. C-5 ni ti ẹni tó ń kan egungun ilé àti òrùlé, C-6 ni ti ẹni tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àti ohun inú ilé. Ní Texas, ìpínlẹ̀ kò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà rárá.

Ṣé o mọ̀ pé Jámánì kì í gba káfíńtà láyè láti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ bí kò bá tíì gba ìwé ọ̀gá, Meisterbrief, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún? Ẹgbẹ́ káfíńtà Lọ́ńdọ̀nù sì ti gba ìwé àṣẹ ọba láti ọdún 1477. Ọ̀rọ̀ káfíńtà àti ìwé kì í ṣe tuntun.

Èyí tó kù

Ṣé o mọ̀ pé ìwé kan wà tí o kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀? Òfin OHADA ní kí entreprenant máa kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde lójoojúmọ́, kó ya owó ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gba ọ̀nà mìíràn, kó sì tọ́jú ìwé náà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Báńkì tó fẹ́ yá ọ lówó ẹ̀rọ á béèrè rẹ̀. Agbowó-orí tó bu owó tó pọ̀ jù lé ọ lórí, ìwé yẹn ni yóò bá ọ dá a lóhùn. Bí o bá fẹ́ gòkè láti entreprenant di SARL, òun ni yóò fi hàn pé iṣẹ́ ti wà tipẹ́. Ra ìwé oníláìnì kan lọ́jà, kọ owó plánkì tòní sí ojú ewé àkọ́kọ́.